Ẹ̀yin Béèrè, A Dáhùn: Dúfè, Kọ́tìnnì àti Bùláńkẹ́ẹ̀tì Nínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lemọ́lemọ́, aṣọ ńláńlá inú ilé ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń wọlé ń béèrè lé lórí. Ilé ẹ̀rọ ìfọṣọ, níbi téèyàn ti ń ra tókìnnì tàbí kó fi fóònù sanwó, kó sì fọ aṣọ ara rẹ̀, ti wà ní Èkó báyìí. Àmọ́ púpọ̀ nínú wa ṣì ń lò ó bí ìgbà tí a bá kó aṣọ fún alágbàfọ̀: a ó tì í wọlé, a ó máa retí pé kó jáde ní mímọ́. Èyí ni díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé dúfè orí bẹ́ẹ̀dì wa, ẹsẹ̀ 6 sí 6, lọ sí ilé ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo wò ó pé kò wúwo, mo bá tì í bọ ẹ̀rọ kílò 8, torí owó tirẹ̀ ló kéré jù. Nígbà tó parí, àárín rẹ̀ gbẹ, etí rẹ̀ ń yọ̀ fún ọṣẹ, ẹ̀rọ náà kò sì fún omi ara rẹ̀. Mo sanwó lẹ́ẹ̀kejì, ibì kan náà ló já sí. Ṣé ẹ̀rọ wọn ni kò dáa ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?
— Ìyá Ìbejì, Lawanson

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yẹn. Kílò tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ìwọ̀n aṣọ òwú gbígbẹ ni, irú bíi tówẹ́ẹ̀lì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Dúfè ẹsẹ̀ 6 sí 6 kì í sábà wúwo ju kílò 3 tàbí 4 lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, ààyè tó ń gbà sì pọ̀ ju ti aṣọ kílò 8 lọ. Ẹ̀rọ tó ń gba aṣọ láti iwájú, ohun tó fi ń fọ̀ ni pé ó ń gbé aṣọ gòkè, ó sì ń jẹ́ kó já lulẹ̀ sínú omi. Dúfè tó há mọ́ inú ìkòkò ẹ̀rọ kò lè já lulẹ̀, etí rẹ̀ nìkan lomi máa kàn. Ìdí nìyẹn tí àárín rẹ̀ fi gbẹ.

Ẹ̀rọ kílò 15 sókè ni kí ẹ máa wá fún irú dúfè yẹn. Ti bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ 4½ sí 6 lè wọ kílò 10 tàbí 12. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà kankan lára ẹ̀rọ, ẹ kó dúfè náà sínú rẹ̀ láìfi agbára kì í, kí ẹ wá na ọwọ́ gba òkè rẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ yín bá kọjá tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn láàárín dúfè àti òkè ìkòkò ẹ̀rọ, ààyè ti tó. Bó bá jẹ́ pé orúnkún lẹ fi ti ilẹ̀kùn pa, ẹ yọ ọ́ jáde kí ẹ tó sanwó.

Ní ti pé kò fún omi: dúfè kan ṣoṣo tó ti mumi yó máa ń ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀rọ ìfọṣọ máa ń wò ó bóyá ẹrù inú rẹ̀ dọ́gba kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wúwo ju èkejì lọ, ó máa gbìyànjú bí ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta, lẹ́yìn náà á dáwọ́ dúró, kí bẹ́rìnnì àti àwọn sípírín tó gbé ìkòkò náà dúró má bàa bàjẹ́. Lójú àwọn ẹ̀rọ kan, lẹ́tà UE tàbí Ub ni ẹ máa rí. Ẹ má sáré san owó mìíràn. Ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ fa omi rẹ̀ dànù, kí ẹ ṣí i, kí ẹ tú dúfè náà ká, kí ẹ tẹ́ ẹ yípo inú ìkòkò, kí ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì ńlá méjì tó ti rin sí ẹ̀gbẹ́ tó fúyẹ́, kí ẹ wá yan fífún omi nìkan. Títẹ́ yípo yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ń kó o wọlé, dípò kí ẹ ká a jọ sójú kan.

Ẹ̀rọ tó ń gba aṣọ láti òkè tún ní ìṣòro tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú dúfè máa ń gbé e léfòó, apá òkè kò sì ní rí omi rárá. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ afẹ́fẹ́ náà jáde nígbà tí omi bá ń kún, kí ẹ dá ẹ̀rọ dúró lẹ́ẹ̀kan lágbedeméjì kí ẹ yí dúfè padà. Èyí tó bá ní ọ̀pá láàárín, ẹ má kó dúfè sí i. Ọ̀pá yẹn máa ń lọ́ ọ mọ́ra, ó sì máa ń já okùn tí wọ́n fi rán òwú inú rẹ̀ dúró.

Ó ku ọṣẹ. Ọṣẹ lúbúlúbú tí wọ́n ṣe fún ìfọ̀wọ́fọ̀ máa ń hó gan-an. Nínú ẹ̀rọ, ìhó púpọ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ já lulẹ̀ dáadáa, páǹpù kì í sì lè fa ìfófó bó ṣe ń fa omi. Èyí tí wọ́n kọ “automatic” sára páálí rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ti tó fún dúfè kan, méjì bó bá jẹ́ ọṣẹ olómi. Ẹ má fi omi tó ń mú aṣọ rọ̀ (softener) sí i. Ẹ fi ṣíṣan kan kún iye tí ẹ̀rọ fẹ́ ṣan án. Nígbà ṣíṣan tó kẹ́yìn, ẹ wo gíláàsì ilẹ̀kùn: bí ìfófó funfun bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ọṣẹ ṣì wà nínú dúfè. Ẹ tún un ṣan láìfi ọṣẹ kankan sí i.

ÌBÉÈRÈ: Tí mo bá fọ dúfè lásìkò òjò, ó máa ń gbẹ lójú, àmọ́ lọ́jọ́ kejì tí a bá fi bora, ó ti ń rùn. Mo tiẹ̀ ti gbé e sí dúráyà ilé ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ogójì ìṣẹ́jú, òórùn yẹn kò lọ.
— Abílékọ kan, Ọbaléndé

ÌDÁHÙN: Ojú rẹ̀ ló gbẹ, inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ogójì ìṣẹ́jú kò tó dúfè ńlá. Wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ló máa ń gbà, bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ìfọṣọ kò fún omi rẹ̀ dáadáa, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó ti fún omi rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò. Dúfè tó ṣì ń kán omi nílẹ̀, owó dúráyà lẹ fẹ́ fi ṣòfò yẹn.

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó yá kí ẹ wá yan ooru tó ga jù. Òwú pólísítà inú dúfè máa ń yọ́ mọ́ra bí ooru bá pọ̀, á di kókó, kókó yẹn kò sì ní tú mọ́. Ooru àárín ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, kí ẹ fa dúfè náà jáde, kí ẹ di igun rẹ̀ méjì mú kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wá yí apá tó wà nínú bọ́ síta. Iṣẹ́ yìí gan-an ló ń gbẹ ẹ́. Dúfè tí wọ́n fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin máa ń ká bora, ooru kò sì ní wọ àárín rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì mímọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú dúráyà máa ń gbá òwú náà tú. Ẹ wo àsẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí òwú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó lò ó ṣáájú kò bá gbá a, ẹ gbá a. Àsẹ́ tó dí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ti gba omi ara aṣọ jáde, ó sì lè dá iná sílẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí ooru ara rẹ̀ lọ, nítorí pé dúfè gbígbóná máa ń tan ọwọ́ jẹ. Ẹ wá fi ìka méjì fún ibi tó nípọn jù lójú rírán àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ibẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ibi tó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú: ibi tó bá ṣú dúdú, òwú tó ṣù pọ̀ ni. Ẹ fi ọwọ́ tú u, kí ẹ tún dá a padà. Bí ẹ bá délé, ẹ má tíì ká a sínú àpò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àga fún wákàtí kan.

Bí oòrùn bá yọ tí ẹ fẹ́ sá a fúnra yín, okùn méjì ni kí ẹ tẹ́ ẹ lé, kó fẹ̀ sí ara wọn ní ẹsẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí atẹ́gùn lè gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, bùláńkẹ́ẹ̀tì òkìrìkà méjì tí mo rà ní Katangowa ló kó ìdun wọ yàrá wa. Mo ti fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn ìdun náà tún padà. Ṣé ẹ̀rọ lè pa wọ́n?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Akoka

ÌDÁHÙN: Ó lè pa wọ́n, àmọ́ dúráyà ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ooru tó ju 50°C lọ, tó bá wọ gbogbo ara aṣọ tó sì pẹ́ díẹ̀, máa ń pa ìdun, ọmọ rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ti máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó wọ inú ìṣẹ́po bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹyin tó wà níbẹ̀ á sì yè.

Inú yàrá ni kí ẹ ti kó bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tú u sórí tábìlì tí àwọn ènìyàn ti ń ká aṣọ, ẹ jọ̀wọ́. Ilé ẹlòmíràn ni ìdun yẹn máa bá lọ. Ẹnu dúráyà ni kí ẹ ti tú ọ̀rá náà, kí ẹ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì wọlé ní gbígbẹ, láì tíì fọ̀ ọ́. Aṣọ gbígbẹ máa ń tètè gbóná, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ tútù á kọ́kọ́ fi ooru lé omi lọ. Ooru tó ga jù ni kí ẹ yàn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìgbà tí inú rẹ̀ bá ti gbóná tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fọ̀ ọ́ ní 60°C, kí ẹ tún gbẹ ẹ́. Ọ̀rá tí ẹ kó o wá, ẹ so ó kí ẹ jù ú sínú garawa ìdọ̀tí ìta, ẹ má fi kó o padà.

Bí bùláńkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ onírun àgùntàn, ooru yìí máa jẹ́ kó súnkì. Alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ láìlo omi ni kí ẹ gbé irú rẹ̀ fún, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ tẹnu mọ́. Ẹ má da òtapiapia tàbí kẹrosíìnì sórí aṣọ tí ẹ fẹ́ gbé wá síbẹ̀. Aṣọ tí kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù ti kàn lè gbiná nínú dúráyà, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, torí òróró rẹ̀ kì í tán lára aṣọ. Ẹ má sì gbàgbé orígun bẹ́ẹ̀dì àti ìsopọ̀ pákó rẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mímọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọ̀rá tuntun títí tí ẹ ó fi pa àwọn ìdun tó wà nínú yàrá tán.

ÌBÉÈRÈ: Kọ́tìnnì funfun ni mo fọ̀. Ó kọ́kọ́ jáde bó ṣe yẹ, mo wá da Hypo sí i kó lè funfun sí i, ló bá yọ àwọ̀ pupa rúsúrúsú káàkiri. Ṣé Hypo ayédèrú ni?
— Ìyàwó Alhájì, Ìyánà Ìpájà

ÌDÁHÙN: Rárá, ma. Irin tó wà nínú omi ni. Omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó ní irin tó ti yòrò sínú rẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Bí Hypo bá kàn án, irin náà á dógùn-ún lójú ẹsẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí ẹ bá ń da Hypo sí i láti fi lé àwọ̀ yẹn lọ, ńṣe ló máa pọ̀ sí i.

Ẹ bu omi yín sínú ike funfun kí ẹ fi í sílẹ̀ dàárọ̀. Bó bá pọ́n tàbí tí èérí pupa bá sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin wà níbẹ̀. Nílé ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ fa àpótí tí wọ́n ń da ọṣẹ sí jáde, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká. Bí wọ́n bá ti pọ́n, ẹ má fọ nǹkan funfun níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀rọ wọn tuntun tó.

Láti yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣan gbogbo Hypo kúrò, kí ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ wá po ṣíbí ìjẹun méjì citric acid, lúbúlúbú funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà kẹ́míkà ní Ọjọ́ta, mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 5. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é bí àbàwọ́n bá kéré. Ẹ rẹ kọ́tìnnì náà sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kí ẹ ṣan án. Ẹ má jẹ́ kí Hypo àti nǹkan kíkan bíi citric acid, ọsàn tàbí fínígà pàdé láé. Afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ fọ kọ́tìnnì, ẹ yọ gbogbo ìkọ́ rẹ̀, kí ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀ níta, kí ẹ fi omi tútù lásán ṣan án kí ọṣẹ tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ ni eruku yẹn máa dà nínú ẹ̀rọ. Ìdajì ẹ̀rọ ni kí ẹ kó, ní 30°C. Ẹ di ìṣẹ́tí apá tí oòrùn máa ń pa jù mú kí ẹ fà á díẹ̀ kó tó wọlé. Oòrùn máa ń jẹ fọ́nrán aṣọ, kọ́tìnnì tó ti gbó lójú fèrèsé lè ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ nínú ẹ̀rọ. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní rọ́bà tí ń dí ìmọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé dúráyà. Ẹ gbé e kọ́ ní tútù, ìwúwo omi ara rẹ̀ á fà á gún.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé rọ́ọ̀gì pálọ̀ lè wọ ẹ̀rọ kílò 20?
— Bàbá Kékeré, Ẹ̀búté Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ gọ́ọ̀mù tàbí àpò jútù, kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ ká etí rẹ̀ ní méjì: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń sán tàbí tó ń ya lúbúlúbú, omi ẹ̀rọ máa tú u, èérún gọ́ọ̀mù yẹn á sì di páǹpù. Àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ rọ́ọ̀gì ni kí ẹ pè. Ẹní ẹnu ọ̀nà àti ti ilé ìwẹ̀ lè wọlé ní omi tútù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, kí ẹ sá a síta.

ÌBÉÈRÈ: Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fún wa ní ilé ìwòsàn ìjọba ti dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrọ̀rí àwọn ọmọ. Ṣé mo lè kó gbogbo rẹ̀ pọ̀?
— Ìyá Àìná, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Ẹ yọ àwọ̀n kúrò níbẹ̀. Oògùn apẹ̀fọn wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ, omi gbígbóná àti Hypo ló sì máa tètè fọ oògùn náà dànù. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò lágbára ni, kí ẹ fi ọwọ́ rọra fọ̀ ọ́, kó má ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta lọ, kí ẹ sá a sí ibòòji. Ẹ má da omi rẹ̀ sí ọ̀sà tàbí gọ́tà tó ṣàn lọ síbẹ̀, ó ń pa ẹja.

Ìrọ̀rí olówùú pólísítà lè wọ ẹ̀rọ, méjì papọ̀ kí ẹrù lè dọ́gba, kí ẹ gbẹ ẹ́ bí a ṣe sọ fún dúfè. Èyí tí fóòmù wà nínú rẹ̀, àpò ìrọ̀rí nìkan ni kí ẹ fọ̀: fóòmù máa ń fa omi wúwo, ó máa ń ya nígbà fífún, ó sì lè gbiná nínú dúráyà. Bó bá jẹ́ ti òwú àràbà tí ìyá àgbà rán, ẹ tú u, kí ẹ sá òwú rẹ̀ sínú oòrùn, kí ẹ fọ àpò rẹ̀ lọ́tọ̀. Òwú àràbà tó bá rin á ṣù pọ̀, kò sì ní wú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Iná lọ nígbà tí aṣọ mi wà láàárín fífọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kọ̀, kò ṣí. Kí ni kí n ṣe bó bá tún ṣẹlẹ̀?
— Wálé, Mushin

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi agbára fà á. Ẹ̀rọ tó ń gba aṣọ láti iwájú máa ń ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ pa tí omi bá wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá já a ṣí, ilẹ̀ ilé yẹn lomi máa kún. Bí kò bá sí omi nínú rẹ̀, ó sábà máa ń ṣí lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ ló máa fà á jáde láti ẹnu àsẹ́ páǹpù ní ìsàlẹ̀. Kó ṣọ́ra bó bá jẹ́ omi gbígbóná.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n ní nǹkan méjì: bí iná bá lọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà wọn gbé ẹ̀rọ náà àti dúráyà, tàbí bọ́ọ̀bù nìkan? Bí iná bá sì dé, ṣé ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé, àbí láti ìbẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ọṣẹ mìíràn kún un, torí èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi sí i ṣì wà lára aṣọ. Ẹ má sì fi dúfè tó ti rin sílẹ̀ síbẹ̀ dàárọ̀. Bí iná kò bá tètè dé, ẹ fi ọwọ́ tẹ omi ara rẹ̀ jáde, ẹ má lọ́ ọ, kí ẹ gbé e sínú abọ́ ńlá lọ sílé, kí ẹ sì tẹ́ ẹ ká lóru yẹn náà.